Tẹlifóònù wo ló yẹ àwọn òbí wa àgbà?

 

Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Àwọn tó tọ́ wa dàgbà, ó di dandan kí àwa náà tọ́jú wọn. Lóde òní, ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń gbé ní ìlú ńlá ń ra tẹlifóònù fún bàbá tàbí ìyá tó wà ní abúlé. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo tẹlifóònù ló yẹ àgbà. Èyí tó rọrùn lọ́wọ́ ọmọ lè di ẹrù lọ́wọ́ ìyá rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká jọ wò ó lónìí: báwo la ṣe lè yan tẹlifóònù tí àgbà yóò lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ lò?

1. Tẹlifóònù inú àpótí

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ ìyá kan tó ń dá gbé ní abúlé kan lẹ́bàá Kétu. Ó ti lé ní ọdún 70. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ń ṣiṣẹ́ ní Kutọnu. Nígbà tí ọmọ yìí wá sílé ṣe ọdún, ó ra tẹlifóònù ńlá olójú gíláàsì fún ìyá rẹ̀. Owó gọbọi ló ná lé e. Inú ìyá dùn, ó súre fún ọmọ rẹ̀ títí.

Ní alẹ́ ọjọ́ tí ọmọ fẹ́ padà, ó fi bí wọ́n ṣe ń lò ó han ìyá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tó lọ tán, ìyá gbìyànjú. Ó fi ìka tẹ ojú rẹ̀, kò dáhùn. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ohun mìíràn ṣí. Ẹ̀rù bà á pé òun yóò bà á jẹ́. Ó fi aṣọ wé e, ó gbé e sínú àpótí. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, iná tán nínú rẹ̀.

Ní òru ọjọ́ kan, ìyá jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó ṣubú, kò lè dìde. Ó ké, kò sẹ́ni tó gbọ́. Ilẹ̀ ló wà títí di òwúrọ̀, kí ọmọdé kan tó ń lọ pọnmi tó rí i. Egungun ìbàdí rẹ̀ ti kán.

Nígbà tí ọmọ dé ilé ìwòsàn, ó bi í pé: «Ìyá, tẹlifóònù tí mo rà fún yín ńkọ́?»

Ìyá dáhùn pé: «Ó wà nínú àpótí, ọmọ mi. Mo tọ́jú rẹ̀ dáadáa. Kò bàjẹ́ rárá.»

Ẹ̀yin ará, ìyá yìí kì í ṣe òmùgọ̀. Ọmọ rẹ̀ náà kì í ṣe ọmọ burúkú. Àṣìṣe ibẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: ọmọ ra ohun tó wu òun. Kò wo ojú, etí àti ọwọ́ ìyá rẹ̀ kó tó rà á.

2. Ká wo àgbà kí á tó wo ọjà

Kí ẹ tó mú owó lọ sí ọjà, ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tí ẹ fẹ́ rà á fún.

Ẹ wo ojú rẹ̀. Bí ènìyàn bá ti lé ní ọdún 40, ojú rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ohun tó sún mọ́ ọn mọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi ń na ọwọ́ jìnnà kí wọ́n tó lè rí ohun tí a kọ. Nítorí náà, nọ́ńbà kéékèèké kò bá wọn mu.

Àwọn àgbà mìíràn wà tí ẹyin ojú wọn ń funfun díẹ̀díẹ̀. Wọn a máa sọ pé ó dà bí ẹni pé ìkúùkù bo ojú àwọn. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ mú wọn lọ sí ilé ìwòsàn ná. Tẹlifóònù lè dúró. Àìsàn ojú kan wà tó ń ṣe báyìí, àwọn dókítà ojú sì ń ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló tún ń ríran lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ náà. Ẹ má ṣe kán oje ewé tàbí ohunkóhun mìíràn sí ojú wọn.

Ẹ wo etí rẹ̀. Bí a bá ń dàgbà, ohùn tín-ín-rín ni etí kọ́kọ́ ń pàdánù. Ohùn tó rinlẹ̀ a máa pẹ́ kó tó lọ. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ yan ohùn tí tẹlifóònù yóò máa fi ké, ẹ má yan èyí tó dà bí fèrè. Èyí tó dún bí ìyá ìlù ló sàn. Bí àgbà kò bá sì gbọ́rọ̀ dáadáa mọ́, ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Nígbà mìíràn, ìdọ̀tí ló dí etí, nọ́ọ̀sì sì lè fọ̀ ọ́. Ẹ má fi igi tàbí ìyẹ́ adìẹ ro ó.

Ẹ wo ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ wà níbí, nítorí ohun tí ọ̀pọ̀ ọmọ kò mọ̀ ni. Tẹlifóònù olójú gíláàsì kì í mọ agbára tí a fi tẹ̀ ẹ́. Iná kékeré kan wà lójú gíláàsì náà. Ara wa ń gbé iná, nítorí omi àti iyọ̀ tó wà nínú rẹ̀. Bí ìka bá kan gíláàsì, iná yẹn yí padà díẹ̀. Bí tẹlifóònù ṣe ń mọ̀ pé a fọwọ́ kan òun nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ti di ọkọ́ àti àdá mú fún ọdún 50, awọ rẹ̀ ti yi, ó sì ti gbẹ. Iná kì í gba inú awọ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ìyá tẹ̀ ẹ́ títí, tẹlifóònù kò dáhùn. Ìyá wá rò pé òun ni kò mọ̀ ọ́n lò. Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ oko tó fi tọ́ wa dàgbà ló fa á.

Bí ọwọ́ àgbà bá sì ń gbọ̀n, ìka rẹ̀ yóò kan ibi méjì tàbí mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, tẹlifóònù yóò sì ṣe ohun tí kò rán an.

Ẹ wo ìwé kíkà rẹ̀. Ṣé àgbà náà mọ ìwé kà? Bí kò bá mọ̀ ọ́n, ṣé ó mọ nọ́ńbà 1 dé 9? Ọ̀pọ̀ ìyá tó ń tajà mọ nọ́ńbà lára owó dáadáa, bí wọn kò tiẹ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Ìyẹn tó láti bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ bi í léèrè pé: «Kí lẹ fẹ́ máa fi ṣe?» Ọ̀pọ̀ yóò sọ pé kí àwọn ṣáà máa gbọ́ ohùn ọmọ àwọn. Àwọn mìíràn fẹ́ gbọ́ rédíò. Àwọn mìíràn fẹ́ gba owó tí ọmọ bá fi ránṣẹ́. Ohun tí wọ́n bá sọ ni kí ẹ fi yan tẹlifóònù.

3. Oríṣi méjì ló wà

Oríṣi kìíní ni tẹlifóònù oníbọ́tìnnì. Nọ́ńbà wà lójú rẹ̀ tí a ń tẹ̀ wọlé. Ó ń dá ìka èyíkéyìí lóhùn, ìbáà yi, ìbáà gbẹ. Bí a bá fi iná sí i, ó lè lo ọjọ́ bíi mélòó kan kí iná tó tán. Owó rẹ̀ kéré sí ti èkejì gan-an. Bí ó bá bọ́ sílẹ̀, kì í tètè fọ́.

Oríṣi kejì ni tẹlifóònù olójú gíláàsì. Kọ̀ǹpútà kékeré ni èyí. Ó ń ya àwòrán, ó ń fi ojú ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀ hàn, ó sì lè ṣe ọgọ́rọ̀ọ̀rún iṣẹ́ mìíràn. Ṣùgbọ́n iná rẹ̀ kì í sábà ju ọjọ́ kan tàbí méjì lọ. Níbi tí kò sí iná mànàmáná, wàhálà nìyẹn. Ó tún ń jẹ kírédì íntánẹ́ẹ̀tì.

Fún àgbà tó ń gbé ní abúlé, pàápàá èyí tó ń dá gbé, oníbọ́tìnnì ló sábà dára jù. Kò sí ìtìjú nínú rẹ̀. Tẹlifóònù kékeré tó wà lọ́wọ́ sàn ju ńlá tó wà nínú àpótí lọ.

Ṣé olójú gíláàsì kò wá wúlò fún àgbà rárá ni? Ó wúlò fún àwọn kan. Bí ọmọ bá wà ní ilẹ̀ òkèèrè, bàbá lè fẹ́ rí ojú ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí kò tíì fojú kàn rí. Ẹni tí kò mọ ìwé kọ náà lè sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ náà lọ bá ọmọ níbi tó wà, bí ẹni fi ìwé ránṣẹ́. Bí ìka àgbà náà bá ṣiṣẹ́ lórí gíláàsì, tí ibi tí yóò ti máa fi iná sí i sì wà nítòsí, ẹ lè rà á. Ṣùgbọ́n ẹ ṣe ohun mẹ́ta yìí sí i:

– Ẹ sọ ìkọ̀wé rẹ̀ di ńlá.
– Ẹ kó àwọn àmì tí kò wúlò kúrò lójú rẹ̀. Ẹ fi mẹ́ta tàbí mẹ́rin péré sílẹ̀.
– Ẹ fi àwòrán ọmọ kọ̀ọ̀kan sí orúkọ rẹ̀, kí ìyá lè fi ojú mọ ẹni tó fẹ́ pè.

4. Kí la ó wò nígbà tí a bá dé ọjà?

Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ mú àgbà náà dání. Ẹ má sanwó títí yóò fi fi ọwọ́ ara rẹ̀ dì í mú. Ẹ wo àwọn nǹkan wọ̀nyí:

Nọ́ńbà rẹ̀. Kí wọ́n tóbi, kí wọ́n sì jìnnà síra. Bí ìka bá tẹ ẹyọ kan, kó má kan èkejì. Ẹ fi ìka wá nọ́ńbà 5. Kókó kékeré kan máa ń wà lórí rẹ̀. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa lè fi ọwọ́ mọ 5, kó sì ti ibẹ̀ mọ ibi tí àwọn yòókù wà.

Ojú rẹ̀. Kó mọ́lẹ̀, kí nọ́ńbà tó ń jáde níbẹ̀ tóbi. Ẹ gbé e jáde sínú oòrùn wò.

Ohùn rẹ̀. Ẹ pè é níbẹ̀, láàárín ariwo ọjà. Ṣé àgbà gbọ́ nígbà tó ké? Ṣé ó gbọ́ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀?

Bátìrì rẹ̀. Èyí tó ṣeé yọ dára, nítorí a lè ra òmíràn bí ó bá gbó. Ẹ yẹra fún bátìrì tó ti wú, ìbáà tiẹ̀ rọ̀ ní owó.

Tọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Iná tọ́ọ̀ṣì dára fún ẹni tó ń jáde lóru. Ó lè fi rí ejò tàbí kòtò kó tó tẹ̀ ẹ́. Èyí tó ní bọ́tìnnì tirẹ̀ lọ́tọ̀ ló rọrùn jù.

Rédíò rẹ̀. Àwọn kan kì í ṣiṣẹ́ láìfi okùn sí etí. Ẹ wá èyí tó ń ṣiṣẹ́ láìsí okùn.

Bọ́tìnnì pàjáwìrì. Àwọn tẹlifóònù kan wà tí wọ́n ṣe fún àgbà, tí bọ́tìnnì kan wà lẹ́yìn wọn. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, ó ń pe àwọn nọ́ńbà tí a ti fi síbẹ̀. Bí ẹ bá rí irú rẹ̀, ó dára púpọ̀.

Ihò okùn. Ihò kékeré tí a lè fi okùn sí, kí àgbà lè gbé e kọ́ ọrùn. Bí kò bá sí ihò, ẹ rán àpò aṣọ kékeré fún un. Tẹlifóònù tó wà lára ló ń gbani lọ́jọ́ tí a bá ṣubú.

Ẹ gba ìwé ẹ̀rí pé ẹ sanwó. Ẹ tọ́jú ìwé náà.

5. SIM àti agbára ìpè

Tẹlifóònù dára, ṣùgbọ́n bí ìpè kò bá wọ abúlé náà, kò wúlò. Kí ẹ tó ra SIM, ẹ bi àwọn aládùúgbò pé èwo ló ń wọlé dáadáa níbẹ̀. Ẹ má bi wọ́n ní ọjà nìkan. Ẹ bi wọ́n ní ẹnu ọ̀nà ilé àgbà náà, kí ẹ sì bi wọ́n ní oko rẹ̀. Bí méjì bá ń wọlé, ẹ ra tẹlifóònù tó ń gba SIM méjì.

Ẹ fi ìwé ìdánimọ̀ àgbà náà gba SIM, kó jẹ́ orúkọ ara rẹ̀ ló wà lórí rẹ̀. Bí SIM bá sọnù, ẹni tó ni orúkọ ló lè gbà á padà. Bí owó bá sì wà nínú rẹ̀, òun ló ni í.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé nítòsí ààlà Nàìjíríà, ẹ ṣọ́ra. Tẹlifóònù lè fò mọ́ opó Nàìjíríà láìjẹ́ pé ẹ mọ̀. Kírédì á sì máa tán kíákíá. Ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á kó ṣètò rẹ̀ kó má máa fúnra rẹ̀ wá opó mìíràn.

6. Ìmúrasílẹ̀ kí ẹ tó gbé e fún àgbà

Ẹ má gbé tẹlifóònù òfìfo fún àgbà. Ẹ fi nọ́ńbà sínú rẹ̀ tán kí ẹ tó gbé e fún un.

Níbí, ọ̀rọ̀ pàtàkì kan wà fún àwa ará Benin. Tẹ́lẹ̀, nọ́ńbà tẹlifóònù wa jẹ́ ẹyọ 8. Láti ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2024, ó di ẹyọ 10. 01 ni wọ́n fi sí iwájú nọ́ńbà àtijọ́. Ọ̀pọ̀ àgbà ló ṣì ní nọ́ńbà àtijọ́ nínú tẹlifóònù, lára ògiri tàbí nínú ìwé ìbí ọmọ. Wọ́n pe ọmọ títí, kò wọlé. Wọ́n rò pé ọmọ ń bínú sí àwọn ni. Ẹ dákun, ẹ bá wọn yẹ̀ ẹ́ wò. Nọ́ńbà Benin èyíkéyìí tó bá jẹ́ ẹyọ 8, ẹ fi 01 sí iwájú rẹ̀. Àwọn ará wa ní Tógò ṣì ń lo ẹyọ 8. Ẹni tó bá ń pe Benin láti ìlú mìíràn yóò kọ́kọ́ tẹ +229, kó tó tẹ 01. Ti Tógò ni +228, ti Nàìjíríà sì ni +234.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ṣe ọ̀nà kúkúrú fún un. Lára ọ̀pọ̀ tẹlifóònù oníbọ́tìnnì, a lè so ènìyàn kan mọ́ nọ́ńbà kan. Fún àpẹẹrẹ:

– 2 ni ọmọ tó sún mọ́ ilé jù.
– 3 ni aládùúgbò tó lè tètè dé.
– 4 ni ilé ìwòsàn tàbí nọ́ọ̀sì abúlé.
– 5 ni ọmọ tó wà ní ìlú ńlá.

Bí ìyá bá tẹ 2, tí kò tètè gbé ìka kúrò, tẹlifóònù yóò pe ọmọ náà fúnra rẹ̀. Kò ní nílò láti ka orúkọ kankan. Ẹ lè fi kútẹ́ẹ̀sì pupa díẹ̀ kun 2, kó lè tètè rí i.

Kí ló dé tí aládùúgbò fi ṣáájú ọmọ tó wà ní Kutọnu? Nítorí ọ̀nà jìn. Ní Benin àti ní Tógò, 118 ni nọ́ńbà àwọn panápaná, tí wọ́n tún ń gba ẹni tí ìjàǹbá ṣe. Ẹ kọ́ àgbà ní nọ́ńbà náà. Ṣùgbọ́n ní abúlé, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ló ń kọ́kọ́ dé.

Ẹ tún kọ àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí gàdàgbà sára páálí, kí ẹ gbé e kọ́ ara ògiri. Bí tẹlifóònù bá kú, ẹlòmíràn lè bá ìyá pè láti inú tirẹ̀.

7. Bí a ṣe ń kọ́ àgbà

Àgbà lè kọ́ ohun tuntun. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ nínú yín dàgbà kí ẹ tó kọ́ ìwé. Ẹ rántí bó ṣe rí lára yín ní ọjọ́ kìíní. Sùúrù ló ṣe é.

– Ẹ kọ́ ọ ní ohun kan ṣoṣo lójúmọ́. Ọjọ́ kìíní: bí a ṣe ń gbé ìpè. Ọjọ́ kejì: bí a ṣe ń tẹ 2. Ọjọ́ kẹta: bí a ṣe ń fi iná sí i.
– Ẹ má gba tẹlifóònù lọ́wọ́ rẹ̀ láti bá a ṣe é. Ẹ jẹ́ kí ìka tirẹ̀ ṣe é. Ohun tí ọwọ́ bá ṣe ni orí ń rántí.
– Bí ó bá ṣì í, ẹ má pariwo mọ́ ọn, ẹ má fi rẹ́rìn-ín. Ẹ sọ fún un pé títẹ̀ kì í ba tẹlifóònù jẹ́.
– Ẹ jẹ́ kó pè yín ní ojoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ìbáà jẹ́ láti kí yín nìkan. Ẹni tó ń pè lójú ọ̀sán yóò lè pè lóru.
– Ẹ kọ́ ọmọ kan tó wà nítòsí pẹ̀lú, kó lè ran ìyá lọ́wọ́ bí ẹ kò bá sí nílé.

8. Ẹ ṣọ́ra fún olè orí tẹlifóònù

Lóde òní, a ń gba owó, a sì ń fi owó ránṣẹ́ lórí tẹlifóònù. Ó dára, kò gba wàhálà ọkọ̀. Ṣùgbọ́n olè ti mọ ọ̀nà ibẹ̀, wọ́n sì ń wá àwọn àgbà pẹ̀lú. Ẹ̀tàn mẹ́ta tí wọ́n sábà ń lò nìyí:

«Ìyá, mo ṣèèṣì fi owó ránṣẹ́ sí yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a padà.» Kò fi owó kankan ránṣẹ́. Ó fẹ́ kí ìyá fi owó ara rẹ̀ ránṣẹ́ ni.

«Láti ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ni mo ti ń pè. Ẹ sọ nọ́ńbà àṣírí yín kí a lè tún un ṣe.» Irọ́ ni. Ilé iṣẹ́ kì í béèrè nọ́ńbà àṣírí.

«Ọmọ yín ní ìjàǹbá. Ẹ fi owó ránṣẹ́ nísinsìnyí.» Ẹ̀rù ni wọ́n fẹ́ fi mú ìyá kó má lè ronú.

Ẹ kọ́ àgbà ní òfin kan: ẹnikẹ́ni tó bá pè nítorí owó, ẹ pa á, kí ẹ tẹ 2. Kí ó bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó ṣe ohunkóhun.

Nọ́ńbà àṣírí dà bí kọ́kọ́rọ́ àká. A kì í gbé e fún àlejò. Kí ẹ má kọ ọ́ sí ẹ̀yìn tẹlifóònù. Kí àgbà má sì sọ ọ́ fún ẹni tó ń ta kírédì, bí ẹni náà tiẹ̀ jẹ́ ọmọlúwàbí. Bí kò bá lè rántí rẹ̀, kó yan ẹyọ ọmọ kan tó fọkàn tán. Kí ó má ju ẹni kan lọ.

9. Ìtọ́jú bátìrì

– Ẹ máa fi iná sí i kí ó tó kú pátápátá. Ẹ yan àkókò kan, bíi ọjọ́ ọjà, kí àgbà má gbàgbé.
– Bí ẹ bá ń lo iná oòrùn, páálí tó ń gba oòrùn ni kí ẹ gbé síta. Ẹ fi tẹlifóònù sí ibòji. Ooru ń ba bátìrì jẹ́.
– Nígbà tí àrá bá ń sán, ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná.
– Bí bátìrì bá wú, ẹ má lò ó mọ́. Ẹ má gún un, ẹ má jù ú sínú iná, ẹ má sì jù ú sí oko. Ó lè bú gbàù, oró inú rẹ̀ sì ń ba ilẹ̀ àti omi jẹ́. Ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tún tẹlifóònù ṣe.
– Ẹ má gbé e sí abẹ́ ìrọ̀rí nígbà tí iná bá wà lára rẹ̀.

10. Ìyá yẹn ńkọ́?

Ìyá tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè pẹ́ ní ilé ìwòsàn. Ó padà sílé pẹ̀lú ọ̀pá. Ọmọ rẹ̀ ra tẹlifóònù kékeré oníbọ́tìnnì fún un. Lọ́tẹ̀ yìí, ó lo odidi ọ̀sẹ̀ kan nílé. Ojoojúmọ́ ló ń jókòó ti ìyá rẹ̀ lábẹ́ igi, tí ìyá ń tẹ 2, tí tẹlifóònù ọmọ ń ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín. Nísinsìnyí, tẹlifóònù wà ní ọrùn ìyá láti àárọ̀ di alẹ́. Ní ìrọ̀lẹ́, ìyá ló ń kọ́kọ́ pe ọmọ láti bi í pé: «Ṣé o ti jẹun?»

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, owó nìkan kọ́ ni ẹ̀bùn. Ẹ ra ohun tó bá ojú, etí àti ọwọ́ àgbà mu. Ẹ fi àkókò kún un. Tẹlifóònù tí àgbà kò lè dá lò, kò tíì di tirẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká jọ jíròrò

1. Kí ló fà á tí ìyá fi gbé tẹlifóònù sínú àpótí?
2. Kí ló dé tí tẹlifóònù olójú gíláàsì kì í fi í dá ìka àgbẹ̀ lóhùn nígbà mìíràn?
3. Ẹ wo tẹlifóònù àgbà kan ní ilé yín. Ṣé 01 wà ní iwájú àwọn nọ́ńbà Benin inú rẹ̀?
4. Bí àgbà kan bá ṣubú ní abúlé yín lóru òní, ta ni yóò lè pè? Ta ló lè kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀?
5. Ẹ̀tàn wo ni olè orí tẹlifóònù ti lò ní abúlé yín rí? Kí la lè ṣe kí ó má tún ṣẹlẹ̀?